Níbo Ni Ẹ̀jẹ̀ Wa Ń Lọ?

   

Ọ̀rọ̀ owó ni mo sábà máa ń bá yín sọ lójú ewé yìí: owó orí, owó ìfẹ̀yìntì, owó ẹgbẹ́ tí àwọn kan kò tíì san (ẹ mọ ara yín). Ti oṣù yìí kì í ṣe ti owó, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá mi kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ìṣirò náà ni, àti pé kò yẹ kí akáwó rí irú rẹ̀ kó dákẹ́.

Ẹ ó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé wa tó kọjá. Lẹ́yìn tí a parí ọ̀rọ̀ owó gbọ̀ngàn, ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì dìde. Ó ní àwọn dókítà kan ń ṣe ìwádìí lórí àìsàn kíndìnrín láàárín àwa adúláwọ̀. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ àti ìtọ̀ díẹ̀, wọn yóò sì tọ́jú rẹ̀ sínú òtútù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò tíì jókòó tán tí ilé fi dàrú. Ọ̀gá kan ní, "Ẹ̀jẹ̀ ta ni? Tèmi kọ́ o!" Ìyá kan ní òun ò bí ọmọ òun kí òyìnbó lè fi dánra wò. Ẹnì kan bèèrè pé èló ni wọ́n máa san. A rẹ́rìn-ín, ìpàdé tú, a jẹ jọ́lọ́ọ̀fù, kálukú gba ilé lọ. Arábìnrin wa kó fọ́ọ̀mù rẹ̀ padà sínú báàgì.

Èmi tí mo jókòó níwájú, mo dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló ń dùn mí títí di òní, torí pé èmi fúnra mi ti fún wọn ní tèmi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi ìyàwó mi. Kí n tó sọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ gbangba pé àwọn tó ń bẹ̀rù kò jẹ̀bi.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Nílé wa, ohun tó bá ti ara ènìyàn jáde kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Bí wọ́n bá fá irun ọmọ, ìyá àgbà á ní kí wọ́n kó o jọ. Èékánná, bákan náà. Bí aboyún bá bí, wọ́n á sin ibi ọmọ, wọ́n á sì mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Títí di òní, bí ẹnì kan bá fẹ́ fi hàn pé ìlú kan ni ìlú òun ní tòótọ́, á ní ibẹ̀ ni wọ́n sin ìwọ́ òun sí. Ẹni tí wọ́n bá tọ́ báyìí, tí wọ́n wá ní kó na apá kí àjèjì fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò, ó gbọ́dọ̀ bèèrè pé, "Níbo lẹ ń gbé e lọ?" Kì í ṣe ìbéèrè òpè. Ìbéèrè ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé ni.

Àwọn òyìnbó gan-an ti sunkún lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítòsí wa níbí. Ní 1999, ó hàn sí gbangba pé ní ilé ìwòsàn ọmọdé Alder Hey ní Liverpool, wọ́n ti yọ ẹ̀yà ara àwọn ọmọ tó ti kú, wọ́n sì tọ́jú wọn pa mọ́ láìjẹ́ pé òbí mọ̀. Láàárín 1988 sí 1995 ni èyí tó pọ̀ jù ṣẹlẹ̀. Àwọn òbí kan ti sin ọmọ wọn tán kí wọ́n tó gbọ́ pé kì í ṣe gbogbo ara ọmọ náà ni wọ́n sin. Ìròyìn ìwádìí jáde ní 2001, ìlú gbóná. Ibẹ̀ ni òfin tuntun ti wá, Human Tissue Act 2004, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2006. Òfin yìí ló sọ pé àṣẹ ẹni tó ni ín ni kókó, ó sì gbé ọ́fíìsì kan kalẹ̀, Human Tissue Authority, tí ń fún àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀yà ara àti ẹ̀jẹ̀ fún ìwádìí ní láísẹ́ǹsì, tó sì ń lọ yẹ̀ wọ́n wò.

Nílé náà, ta ló gbàgbé Kano? Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé, ilé iṣẹ́ Pfizer wá dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ náà. Ẹjọ́ lórí bí wọ́n ṣe gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òbí, tàbí bí wọn kò ṣe gbà á, fà títí di 2009 kí ilé iṣẹ́ náà àti Ìpínlẹ̀ Kano tó fẹnu kò sí 75 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Nítorí náà, n kò bá ẹnikẹ́ni wí.

Ẹ wá gbọ́ tèmi.

Ọdún méjì sẹ́yìn, dókítà mi rán mi lọ sí kíníìkì kíndìnrín torí ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti ń bá mi fínra. Níbẹ̀ ni nọ́ọ̀sì kan ti bá mi sọ̀rọ̀ ìwádìí. Ó fún mi ní ìwé kan tó ní ojú ewé bíi mẹ́jọ, ó ní kí n mú un lọ sílé, kí n kà á, kí n má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Ìyẹn wù mí. Ẹni tó bá fẹ́ lu ènìyàn ní jìbìtì kì í fúnni láyè láti ronú. "Fọwọ́ sí i kíá" ni tirẹ̀.

Nígbà tí mo padà lọ, ó fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta, ó sì gba ìtọ̀ sínú ìkẹrin. Àwọn tí ọmọrí wọn jẹ́ aró àlùkò, ó ń dojú wọn dé, ó ń gbé wọn sókè, jẹ́jẹ́, bíi ẹ̀ẹ̀mẹjọ, kí oògùn inú wọn má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Èyí tó ní ọmọrí yẹ́lò, ó gbé e dúró fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó dì. Ẹ mọ iṣẹ́ mi: mo fẹ́ mọ ibi tí ohun gbogbo ń lọ. Mo bi í, ó sì jókòó, ó ṣàlàyé fún mi tìdùnnú-tìdùnnú.

Ó ní lẹ́yìn èyí wọ́n á gbé ìgò sínú ẹ̀rọ kan tí ń yí bírí-bírí, omi ẹ̀jẹ̀ á yọ sókè, èyí tó pupa á lọ sílẹ̀. Wọ́n á wá pín in sínú àwọn ìgò kéékèèké tí kò tóbi ju orí ìka lọ, ìgò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì onígun mẹ́rin tí kọ̀ǹpútà lè kà. Wọ́n á kó wọn sí firísà tó wà ní -80. (Firísà tiwa nílé, -18 ni.) Bí ọjọ́ bá pé, wọ́n á kó wọn sínú páálí pẹ̀lú yìnyín gbígbẹ, èyí tí kì í yọ́ di omi, afẹ́fẹ́ ló ń dà. Páálí náà ní ààbò mẹ́ta, ọ̀kan nínú ọ̀kan, a sì kọ UN3373 sí i lára kí awakọ̀ lè mọ ohun tó gbé. Wọn kì í fi í ránṣẹ́ ní ọjọ́ Jímọ̀, kó má lọ dé ní Sátidé kó má rí ẹni gbà á, kí yìnyín wá tán lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá ilé, ṣé ẹ ò rí i pé ẹ ti mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́? Kí ló dé tí ẹ fi ń pín ọbẹ̀ sínú ike áísìkiriìmù? Torí pé bí ẹ bá da gbogbo ìkòkò sínú firísà lódindi, ìgbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ jẹun, ẹ gbọ́dọ̀ yọ́ gbogbo rẹ̀. Ọbẹ̀ tó bá yọ́, tó tún dì, tó tún yọ́, ẹ mọ bó ṣe ń rí lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ náà bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ń pín in kí dókítà tó fẹ́ díẹ̀ lè mú díẹ̀, kí èyí tó kù máa sùn lọ. Ta ni nínú wa tí kò tíì yọ ike rí lálẹ́, tó rò pé ègúsí lòún gbé, tó wá di ẹ̀wà? Nílé, ẹ̀rín la ó fi rín, a ó sì jẹ ẹ̀wà náà. Níbi tí mò ń wí yìí, kò sí ẹ̀rín níbẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ Lágbájá bá ń jẹ́ ti Tàmẹ̀dò, gbogbo ohun tí wọ́n bá rí nínú rẹ̀ irọ́ ni, irọ́ náà á sì wọ inú oògùn.

Bí nǹkan ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, fóònù mi dún. Wọ́n ní àwọn kò gba tèmi wọlé. Ẹ gbà mí! Kí ló dé? Lórí fọ́ọ̀mù, ọjọ́ ìbí mi jẹ́ ọjọ́ 7 oṣù 11. Nínú ìwé tó bá ìgò rìn, ó ti di ọjọ́ 11 oṣù 7. Ọmọ ènìyàn ló kọ ọ́, ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò lè máa méfò. Kí n jọ̀ọ́, kí n wá fún wọn ní òmíràn.

Inú kọ́kọ́ bí mi. Mo ti gba ààyè níbi iṣẹ́, mo ti wọ bọ́ọ̀sì nínú òjò, wọ́n ti gún mi lápá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó sídìí tábìlì mi, mo bi ara mi pé: bí oníbàárà kan bá mú risíìtì wá, tí déètì orí rẹ̀ kò bá ti ìwé báńkì mu, ṣé n ó kàn sọ ọ́ sínú léjà torí pé ó ṣàánú mi? N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti lè kọ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sílẹ̀ nítorí nọ́ḿbà méjì tó pààrọ̀ àyè, ibẹ̀ ni mo lè fi ẹ̀jẹ̀ mi sí. Mo padà lọ, mo tún na apá.

Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún àwa Yorùbá. Ẹni tó ń jẹ́ Bọ́lá lọ́dọ̀ dókítà, tó ń jẹ́ Mobọ́lájí nínú páásípọ́ọ̀tù, tó ń jẹ́ orúkọ ọkọ níbi iṣẹ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lórí fọ́ọ̀mù, èyí tó wà lórí lẹ́tà NHS. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní ọjọ́ orí méjì, ti ilé àti ti òyìnbó, n kò ní bá yín fa ọ̀rọ̀. Ẹ ṣáà mú ẹyọ kan, kí ẹ dì í mú gírígírí.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wí pé, "Akáwó, a ti gbọ́. Kí wá ni èrè rẹ̀ fún wa?" Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tí púpọ̀ nínú wa kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ìtàn wa ni.

Ní 2002, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè mélòó kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní HapMap. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀dá ènìyàn ti yàtọ̀ síra nínú DNA. Ènìyàn 270 ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn lò ní ìbẹ̀rẹ̀, láti ibi mẹ́rin péré: àwọn òyìnbó ní Utah ní Amẹ́ríkà, àwọn ará Ṣáínà ní Beijing, àwọn ará Japan ní Tokyo, àti àwọn Yorùbá ní Ìbàdàn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: nínú gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, àwa Yorùbá ni wọ́n kọ́kọ́ mú. 90 ni àwọn tiwa, ní ìdílé 30: bàbá, ìyá, àti ọmọ wọn tó ti dàgbà. Ọmọ Nàìjíríà kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Rotimi, wà lára àwọn tó ṣètò iṣẹ́ náà nílé, wọ́n sì bá àwọn ará àdúgbò jókòó sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Wọn kò kọ orúkọ ẹnì kankan sára ìgò. Wọ́n tilẹ̀ gbà ju iye tí wọ́n fẹ́ lò lọ, kí olùfúnni fúnra rẹ̀ má lè mọ̀ bóyá tirẹ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ náà rin ìrìn àjò lọ sí ilé ìpamọ́ kan ní ìlú Camden, ní New Jersey, tí wọ́n ń pè ní Coriell Institute. Níbẹ̀ wọ́n sọ ọ́ di èyí tó ń bí ara rẹ̀ sí i, kó má baà tán. Àwọn onímọ̀ káàkiri ayé lè béèrè fún díẹ̀ nínú rẹ̀. Ní 2008, nígbà tí wọ́n tẹ DNA odidi ènìyàn kan láti Áfíríkà jáde nínú ìwé ìròyìn Nature, ọkùnrin Yorùbá láti Ìbàdàn ni. Orúkọ rẹ̀ lójú ayé ni NA18507. Bóyá ó ń ta nǹkan ní Dùgbẹ̀, bóyá tíṣà ni, bóyá ó ti kú, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí yunifásítì ńlá kan tí wọn kò ti ka iṣẹ́ tó ti inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá kan kíndìnrín rèé. Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí kíndìnrín àwọn adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà fi ń bàjẹ́ ju ti òyìnbó lọ. Àwọn kan ní oúnjẹ ni, àwọn kan ní ìṣẹ́ ni. Ní 2010, àwọn olùwádìí kan lo àkọsílẹ̀ DNA àwọn ará Ìbàdàn yìí pẹ̀lú ti àwọn aláìsàn ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé ohun kan wà nínú DNA wa tí wọ́n ń pè ní APOL1. Irú rẹ̀ méjì kan wà tó wọ́pọ̀ púpọ̀ láàárín àwa ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tó sì ṣọ̀wọ́n gan-an lára òyìnbó. Ẹni tó bá gba irú rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá, tó tún gbà á lọ́dọ̀ ìyá, kíndìnrín rẹ̀ wà nínú ewu ju ti ẹlòmíràn lọ. Kì í ṣe pé ó di dandan o: púpọ̀ nínú àwọn tó ní méjèèjì kì í ṣàìsàn kíndìnrín títí ayé wọn.

Kí ló gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dé ara wa? Ààbò ni. APOL1 ń pa kòkòrò àrùn oorun tí eṣinṣin tsetse máa ń gbé wọ ara, àwọn irú rẹ̀ méjì yìí sì ń pa oríṣi kòkòrò tí tàtijọ́ kò lè pa. Asà tí àwọn baba ńlá wa gbé jagun ni. Àwa ọmọ ló wá di ẹrù fún.

Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti mọ ibi tí iná wà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wá omi. Ní 2023, wọ́n tẹ àbájáde ìdánwò kékeré kan jáde lórí oògùn kan tí wọ́n ń pè ní inaxaplin. Ó dín ohun tí kíndìnrín ń jò sínú ìtọ̀ kù ní nǹkan bí ìlàjì lára àwọn tó lò ó. Ìdánwò tó tóbi ju ìyẹn lọ ló tẹ̀ lé e. Kò tíì di ohun tí a ń rà ní kẹ́mísì nígbà tí mò ń kọ èyí, n kò sì sọ pé ìwòsàn ti dé. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí àwọn ará Ìbàdàn wọ̀nyẹn bá ti wí bíi tiwa ní ìpàdé pé "tèmi kọ́ o", ibo ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ wá wo òdìkejì, níbi tí a kò ti sí nínú ìwé. Manchester wa yìí gan-an ni iṣẹ́ UK Biobank ti bẹ̀rẹ̀ ní 2007. Lẹ́tà bíi mílíọ̀nù 9.2 ni wọ́n kọ sí àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 40 sí 69 ní ilẹ̀ yìí. Nígbà tó fi máa di 2010, ènìyàn bíi 500,000 ti wá, wọ́n fún wọn ní ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ àti itọ́. (Ẹ ṣọ́ àmì ohùn yín níbẹ̀ o.) Stockport níbí ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wá, ìgò kéékèèké tó tó mílíọ̀nù 10, ẹ̀rọ ló ń wọ inú òtútù lọ mú èyí tí wọ́n bá fẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n kéde ilé tuntun ní Manchester Science Park. Gbogbo ayé ló ń bẹ̀ wọ́n wò lórí àrùn ọkàn, jẹjẹrẹ, àti ọpọlọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú 100 nínú àwọn tó wá, bíi 94 jẹ́ òyìnbó. Àwa adúláwọ̀ kò tó 2. Ẹnu ọ̀nà wa ni ọjà náà wà o, ẹ̀yin ará, a kò ná an.

Ẹni tí kò bá sí nínú ìwé, méfò-méfò ni wọ́n ń fi ṣírò rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí wọ́n bá wọn kíndìnrín adúláwọ̀ ní ilẹ̀ yìí, wọ́n máa ń fi 1.159 sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀, torí pé wọ́n rí ohun kan lára àwọn adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọn kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa lára àwa tí a wà níbí. Kí ni ìyẹn ń ṣe? Ó ń mú kí kíndìnrín wa dà bí ẹni pé ó le ju bó ṣe rí lọ lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ ni ẹlòmíràn á pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ àgbà dókítà. Ní August 2021 ni NICE, àwọn tó ń la ọ̀nà ìtọ́jú sílẹ̀ fún NHS, ní kí wọ́n má fi kún un mọ́. Bí akáwó bá fi 1.159 kún owó tí kò sí ní báńkì, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ.

N kò ní tàn yín jẹ. Ẹni tó bá fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ fún ìwádìí lè má rí èrè kankan fún ara rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kì í fi èsì ránṣẹ́ sí ọ. Ilé iṣẹ́ oògùn lè jèrè lórí rẹ̀, wọn kò sì ní pín fún ọ. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ bèèrè nǹkan márùn-ún yìí, bí mo ṣe ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gba owó ẹgbẹ́ wa:

Èkíní, níbo lẹ máa tọ́jú rẹ̀ sí, fún ọdún mélòó? Èkejì, ta ló lè lò ó: yunifásítì nìkan ni, tàbí ilé iṣẹ́ oògùn náà, tàbí àwọn tó wà ní òkè òkun? Ẹ̀kẹta, ta ló ní kọ́kọ́rọ́ tó so nọ́ḿbà ara ìgò pọ̀ mọ́ orúkọ mi? Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá rí ohun tó léwu nínú ara mi, ṣé ẹ ó sọ fún mi? Ẹ̀karùn-ún, bí mo bá yí ọkàn padà lọ́la, báwo ni mo ṣe lè jáde? Níbi tó bá mọ́, wọ́n á ní ẹ lè jáde nígbàkigbà, àwọn á sì da èyí tó kù nù. Àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe tán, kò ṣeé pè padà. Bí wọ́n bá ń kánjú tàbí tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín ìbéèrè yín, ẹ dìde, ẹ wọ kóòtù yín, ẹ máa lọ. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Inú mi sì dùn pé ilé náà ti ń jí. Nígbà tí iṣẹ́ H3Africa wáyé, kì í ṣe Amẹ́ríkà ni wọ́n ń kó gbogbo ẹ̀jẹ̀ lọ mọ́. Wọ́n kọ́ ilé ìpamọ́ mẹ́ta sí ilẹ̀ Áfíríkà: ọ̀kan ní Uganda, ọ̀kan ní South Africa, ọ̀kan ní Abuja lọ́dọ̀ Institute of Human Virology Nigeria. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ní Yunifásítì Ìbàdàn ṣáájú ìwádìí rọpá-rọsẹ̀ tó gbòòrò lábẹ́ rẹ̀. Owó H3Africa parí ní 2022, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là.

Kí n tó fi pẹ́ẹ̀nì sílẹ̀: bàbá kan wà tí gbogbo wa mọ̀, n kò ní dárúkọ wọn. Àwọn ló gbà mí sílé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Moss Side. Ní 2007, lẹ́tà UK Biobank dé bá wọn. Ojú mi ló ṣe. Wọ́n kà á, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Àbúrò, àwọn èèyàn yìí ti gba iṣẹ́ wa, wọ́n ti gba owó orí wa, ó wá ku ẹ̀jẹ̀." A jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n fà á ya. Lónìí, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gbé bàbá lọ sídìí ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀. Èmi ni mo máa ń lọ gbé wọn ní Ọjọ́bọ̀.

Ní ọjọ́ kan báyìí, mo sọ fún wọn nínú mọ́tò pé mo ti fún àwọn oníwàádìí ní ẹ̀jẹ̀ mi, àti pé wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n dákẹ́ títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Princess Road. Wọ́n wá ní, "Ṣé wọ́n ṣì lè gba irú tèmi?" Mo ní n ó bèèrè. Mo bèèrè. Wọ́n ní àwọn gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń wá. Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé ìdí ẹ̀rọ, bàbá ní kó kọ orúkọ àwọn kó ka á sókè fún àwọn gbọ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Wọ́n ṣe àtúnṣe ibì kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Bàbá mọ̀ pé kò lè ṣe àwọn ní nǹkan mọ́. Wọ́n ní ti Túndé àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni àwọn ń rò.

Ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, mo ti bẹ arábìnrin wa pé kó tún mú fọ́ọ̀mù rẹ̀ wá. Lẹ́yìn jọ́lọ́ọ̀fù, èmi àti òun yóò jókòó sídìí tábìlì tó wà nítòsí ilẹ̀kùn. Ẹni tó fẹ́ bèèrè, kó wá bèèrè. Ẹni tí kò fẹ́, a ò ní bínú, a ò sì ní kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó jẹ gbèsè owó ẹgbẹ́ nìkan ni mò ń kọ orúkọ tirẹ̀.